Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Olódo

Oorun, oòrùn, òórùn. Lẹ́tà márùn-ún kan náà ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ Yorùbá tí kò tíì mọ ìwé kà kì í gbọ́ èyí tí ènìyàn ń sùn kí ó rò pé èyí tí ń ràn lójú sánmà ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ èyí tí imú ń gbọ́ kí ó lọ tẹ́ ẹní. Etí nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìró lásán ni etí ń gbà. Ọpọlọ ni ó ń sọ ìró di ọ̀rọ̀. Ọpọlọ yìí kan náà ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun kọ́ ni ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò létí omi.

Ẹ̀rí tuntun wà fún èyí. Ní ọdún 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìlù dùndún. Wọ́n lu ìlù náà fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní kí wọ́n ya èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jẹ́ orin. Awọ kan náà, ọ̀pá ìlù kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tí etí wọn ti mọ́ dùndún ni ó mọ ìyàtọ̀ náà jù. Ohun tí ọpọlọ ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń túmọ̀ ohun tí ó ń gbọ́ lónìí.

Ojú pẹ̀lú kò yàtọ̀. Ní ẹ̀yìn ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí iṣan ìríran gbà jáde lọ sí ọpọlọ. Ibẹ̀ kò ríran rárá. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń rí ihò nínú ohun tí ó ń wò, nítorí pé ọpọlọ ti fi ohun tí ó wà láyìíká dí àlàfo náà. Ohun tí ènìyàn ń búra pé òun fi ojú ara òun rí jẹ́ àdàpọ̀ ohun tí ojú rí àti ohun tí ọpọlọ fi kún un. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìbéèrè kan yọjú tí ó kan gbogbo olùkọ́ àti òbí: nígbà tí àárẹ̀ bá mú ọpọlọ ọmọ, kí ni ọmọ náà ń rí lójú pátákó, kí ni ó ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́, kí ni yóò sì kù nínú iyè rẹ̀ bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti le tó àgbègbè Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Mile 12, òru ni ọjà ń jí. Àwọn tírélà tí ó kó tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti iṣu wá láti Òkè Ọya ń já ẹrù sílẹ̀ nígbà tí ìlú mìíràn ń han-an-run. Àwọn alábàárù ń ké pé kí ènìyàn yà lọ́nà. Ní ọjà èso Ìkòsì ní Kétu, kí oòrùn tó yọ ni àwọn tí ń ra ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ tà ti ń ná ọjà. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú kì í dákẹ́. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gba iṣẹ́. Bí iná bá dé, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, ti ilé ọtí àti ti olóde ìnáwó á gbà á lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Aago 11 òru ni ó tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, nítorí pé ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ata tí ó ti ń rà kúrò nínú èyí tí ó ṣì le. Aago 4 ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n jí i pé kí ó pọn omi, kí ó gbálẹ̀, kí ó sì ru igbá dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Wákàtí 5 ààbọ̀ ni ó sùn. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà là á kalẹ̀ pé wákàtí 8 sí 10 ni ó yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn láàárín ọjọ́ kan, àti pé wákàtí 9 sí 12 ni ti ọmọ ọdún 6 sí 12. Gbèsè wákàtí 2 ààbọ̀, ó kéré tán, ni ọmọ yìí ń jẹ lóru kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé, gbèsè náà ti di wákàtí 12 ààbọ̀. Ó ti lé ní odindi òru kan.

Ó dé kíláàsì. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ń sùn ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ tí oorun kò tó ti máa ń ṣe. Olùkọ́ bi í ní ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n kọ́ lánàá. Kò rí i dáhùn. Níbí ni àlàfo ojú ti yọ sí olùkọ́ náà lára. Ó rí ọmọ tí ń tòògbé, kò rí òru tí ọmọ náà ti bọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ á wá fi ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù dí àlàfo náà: olódo.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ni olódo pẹ̀lú, ó sì máa ń mọ́ ọmọ lára. Ẹni tí ó bá fún ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láìwo ilé tí ó ti wá, àti oorun tí ó sùn tàbí tí kò sùn níbẹ̀, ti ṣe ìsọmọlórúkọ lódì.

Ohun tí oorun ń ṣe fún ìrántí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1924, John Jenkins àti Karl Dallenbach ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ láti kọ́ sórí. Nígbà mìíràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á lọ sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, nígbà mìíràn wọn á máa bá ìgbòkègbodò ọjọ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn iye wákàtí kan náà, ohun tí wọ́n sùn lé lórí ni wọ́n rántí jù.

Ibi tí ọpọlọ ń fi ẹ̀kọ́ tuntun pamọ́ sí hàn gbangba lára Henry Molaison. Ní ọdún 1953, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 27, oníṣẹ́ abẹ kan yọ díẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ nítorí wárápá tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lára ohun tí ó bá a lọ ni apá púpọ̀ nínú hippocampus, ẹ̀yà kékeré kan tí ó fi ara pamọ́ sínú ọpọlọ ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ní ọ̀gangan etí. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 2008, kò lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun pamọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ á di àjèjì sí i lọ́sàn-án. Síbẹ̀, Brenda Milner tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó máa wo dígí kí ó fi máa ya ìràwọ̀, ó sì ń mọ̀ ọ́n yà sí i lójoojúmọ́, láìrántí pé òun ti yà á rí. Èdè Yorùbá ti ya ìrántí méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ohun tí iyè ń tọ́jú yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ ti mọ́. Ọmọ tí kò sùn tó lè máa ṣa ata láìṣìṣe, kí ó má sì rántí oríkì tí wọ́n kọ́ ọ lánàá. Olódo kọ́ ni.

Nígbà tí ènìyàn bá sùn, hippocampus kì í sùn bí òkúta. Ní ọdún 1994, Matthew Wilson àti Bruce McNaughton rí i nínú ọpọlọ eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí eku náà ń rìn kiri tún ń jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí ó sùn, bí ẹni tí ń tún ìrìn àjò náà rìn. Bí ẹ̀kọ́ ọ̀sán ṣe ń rí àyè jókòó nìyẹn. Àwọn ará Mile 12 kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Tòmátò tí wọ́n já sílẹ̀ lọ́kọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tò, tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n já lé ọpọlọ lórí tí kò rí oorun tò ó.

Àwọn kan á ní Yorùbá ní ìsọyè. Lóòótọ́ ni, ó sì fi hàn pé àwọn àgbà mọ̀ pé iyè ń fẹ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá gbójú lé ìsọyè nìkan lọ wo bí ọmọ awo ṣe ń kọ́ Ifá. Odù 256 ni ó wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ tí ó wà nínú odù kọ̀ọ̀kan kò kéré, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi ń kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ lónìí, ó tún un sọ lọ́la, ọ̀gá bi í ní ọ̀túnla. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tí ó fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1885 pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn bá pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró ju èyí tí ó kó jọ sí ìjókòó kan lọ. Láàárín ọjọ́ kan àti èkejì, kí ni ó wà níbẹ̀? Oorun ni.

Òdìkejì èyí ni àṣà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TDB, ìyẹn kíkàwé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àṣà náà kì í ṣe tuntun, ewu rẹ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná tàbí tí nǹkan ń rìn lórí wọn, tí ojú wọn ń ṣú sí ìwé, tí ohun tí wọ́n kà kò sì yé wọn mọ́. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é. Ní ọdún 1980, Olúfẹ́mi Mórákínyọ̀ tọ́ka sí bí àwọn tí ó ń ṣe ṣe ń fi àwọn nǹkan alésùn jìnnà du ara wọn ní oorun kí wọ́n lè kàwé sí i. Ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn yìí sínú àtòjọ àwọn àìsàn tí ó jẹ́ ti àṣà ìbílẹ̀ kan ní ọdún 1994. Nígbà tí ẹ̀dà ọdún 2013 jáde, kò dá dúró lórúkọ ara rẹ̀ nínú àtòjọ náà mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bìrìtìkó ti ń lo orúkọ náà fún ara wọn ní ọ̀rúndún 19. Kò sí ohun kan tí ó jẹ́ àléébù ọpọlọ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ aláwọ̀ dúdú, kí ó wo Ìbàdàn. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọdún 65. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé bí ènìyàn 3.24 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ṣe ń bọ́ sínú àrùn ìgbàgbé lọ́dọọdún, 1.35 péré ni ti Yorùbá Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn kan náà ni Látúndé Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962. Akéwì ni pẹ̀lú. Twilight Out of the Night ni ó pe ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1964, Whispers from the Night ni ó pe ti ọdún 1969. Òru wà nínú orúkọ méjèèjì.

Kí wá ni ti obì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ kí oorun má bàa kùn ún? Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni èròjà kan tí ń jẹ́ adenosine ti ń kó jọ nínú ọpọlọ. Bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ṣe ń kunni sí i. Káfíìnì tí ó wà nínú obì àti kọfí á lọ jókòó sí àyè tí adenosine ìbá jókòó sí. Obì kò san gbèsè oorun. Ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó wá sin owó ni, onítọ̀hún sì ń dúró níta.

Ìwà náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2007, Seung-Schik Yoo, Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tí kò sùn mọ́jú. Apá tí ń gbé ìbẹ̀rù àti ìbínú dìde, amygdala, ń ta kìjí sí àwòrán tí kò dára ju ti àwọn tí ó sùn lọ, okùn tí ó so ó mọ́ apá iwájú orí tí ń kó ènìyàn níjàánu sì ti dẹ̀. Gbogbo ìyá ni ó mọ èyí lára ọmọ ọwọ́: bí oorun bá ń kùn ún, ẹkún ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti di ọ̀dọ́langba, ẹkún rẹ̀ á di ìkanra, ìkanra á di ìjà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á sì na ẹgba sí ohun tí ìbùsùn ìbá ti wò sàn.

Oòrùn àti oorun sì tún ní àṣepọ̀ ju ti lẹ́tà lọ. Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe aago ara. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, aago yìí á sún síwájú, oorun kì í tètè kùn ún lálẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń ṣòro fún un láti jí ní ìdájí. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ṣe dá a lábàá ní ọdún 2014 pé kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba má ṣe wọlé ṣáájú aago 8 ààbọ̀. Ìpínlẹ̀ California sọ ọ́ di òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Ọmọ tí kò tètè jí kì í ṣe ọ̀lẹ ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn, ọjọ́ orí rẹ̀ ni.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó nìyí, pé ẹni tí ebi ń pa ní Kétu kò lè máa ka wákàtí oorun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá tí ó jí ọmọ rẹ̀ ní ìdájí kì í ṣe ìkà. Owó iléèwé ọmọ náà gan-an lè wà nínú igbá tí ó gbé lé e lórí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 tako kíkiri ọjà, òfin ti àpapọ̀ ní ọdún 2003 sì sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi. Ṣùgbọ́n òfin tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń pariwo lóru, ààbọ̀ òfin ni. Àjọ LASEPA ti fi decibel 45 ṣe òpin ariwo òru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Kí wọ́n mú un ṣẹ ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, ilé ìjọsìn ìbáà ni, ilé ọtí ìbáà ni. Ọlọ́run kò di etí.

Nínú ilé, kò pọn dandan kí iṣẹ́ ọmọ dópin kí oorun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n ń pọn ní ìdájí ṣeé pọn ní ìrọ̀lẹ́. Ata tí ọmọ kan ń ṣà títí di aago 11, bí ọwọ́ mẹ́ta bá jọ ṣà á, á tán kí aago 9 tó lù. Wákàtí kan tí wọ́n bá rí gbà padà lóru kan, wákàtí márùn-ún ni láàárín ọjọ́ márùn-ún. Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ tí ó rí ọmọ tí ń tòògbé kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ó sùn, kí ó tó béèrè ìdí tí kò fi mọ ìdáhùn. Kí ó pín ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ bí ọ̀gá awo. Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, kí ó lé wọn lọ sùn dípò kí ó gbóríyìn fún ẹni tí ó fi àìsùn ṣe fáàrí. Àwọn tí ń fi aago 5 ìdájí pe ọmọ sí ẹ̀kọ́ àfikún ń fi ọwọ́ kan kó ẹ̀kọ́ sínú ọpọlọ, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì dà á nù.

Yorùbá kì í kí ara wọn ní òwúrọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan oorun. Ẹ jí ire? Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ìbéèrè ni, kì í ṣe àṣà ẹnu lásán, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bi í dúró gbọ́ èsì rẹ̀ lẹ́nu ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ọmọ tí ó gbé orí lé tábìlì ní kíláàsì Kétu tàbí Ìkòsì, oorun ni ó ń sùn ní tòótọ́. Òbí, olùkọ́ àti ìjọba tí ó mọ ohun tí ó fà á, tí wọ́n sì di ojú, àwọn ni apirọrọ.